Ọkọ̀ Tí A So Mọ́ Èbúté Náà Ń Rì

Ẹ̀yin ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé létí ọ̀sà ni mo fẹ́ sọ. Lóòótọ́, ọjà, gáréèjì àti ọ̀nà márosẹ̀ ni wọ́n fi mọ àdúgbò wa, kì í ṣe èbúté. Ṣùgbọ́n ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Òṣòdì lọ sí Àpápá yẹn ló ń gbé àwọn ọmọ wa lọ sí Mile 2, Kirikiri àti Tin Can láràárọ̀. Àwọn kan nínú wọn ń ṣọ́ báàjì tí wọ́n ti so mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Àwọn kan jẹ́ mẹkáníìkì, wẹ́dà tàbí kúkù nínú àwọn ọkọ̀ tí ń fa ọkọ̀ ńlá wọ èbúté. Àwọn ọ̀dọ́ wa mìíràn sì wà tí wọ́n ń dá owó jọ láti gba ilé orí omi ní ìhà Ìkòyí tàbí Lẹ́kí fún ọjọ́ ìbí, tí wọ́n á sun ibẹ̀ mọ́jú. Gbogbo wọn ló ń sùn lórí ohun tó lè rì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ẹni sọ fún wọn bó ṣe ń rì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà ni pé inú ìrìn ni ewu omi wà. Bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, tí okùn rẹ̀ sì le, ọkàn wọn á balẹ̀. Ìbàlẹ̀ ọkàn yìí ni mo wá kìlọ̀ fún yín nípa rẹ̀. Okùn kì í mú ọkọ̀ léfòó. Ibi tí ọkọ̀ máa rì sí nìkan ló ń pinnu. Ohun tó ń mú ọkọ̀ léfòó ni kí omi má rí ọ̀nà wọlé. BoatU.S., ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n tún ń ṣe adójútòfò, yẹ àkọsílẹ̀ owó tí wọ́n ń san fún oníbàárà wò, wọ́n sì rí i pé bí ọkọ̀ kan bá rì lójú ìrìn, nǹkan bí mẹ́rin ló ń rì níbi tí wọ́n so wọ́n mọ́. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ọkọ̀ tó ń rìn ní ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó ṣí pákó ilẹ̀ rẹ̀ wo ohun tó wà lábẹ́.

Omi kì í sábà pariwo wọ ọkọ̀ tó dúró. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ èyíkéyìí tó ní ẹ́ńjìnnì nínú, ẹ ó rí i pé ihò tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lu sí i lára pọ̀. Omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára ń gba ọ̀kan wọlé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní tirẹ̀. Ṣáàfù tó ń yí fáànù ìdí ọkọ̀ náà gba inú ihò jáde. Lára ọ̀pọ̀ ihò wọ̀nyí ni họ́ọ̀sì wà, kílíìpù irin ló sì di họ́ọ̀sì mú. Omi iyọ̀ ń jẹ kílíìpù náà tọ̀sán tòru, yálà ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí kílíìpù bá já tí họ́ọ̀sì sì yọ, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún ọ̀sà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ihò tó fẹ̀ ní ínǹṣì kan péré, tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sábẹ́ omi, ń da nǹkan bíi lítà 60 wọlé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Láàárín wákàtí kan, ó ti di lítà 3,600, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù ńlá 18. Bí ihò náà bá sì fẹ̀ dé ínǹṣì méjì, omi tó ń wọlé á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó dùbúlẹ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wà lábẹ́ omi kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà.

Òjò náà ń rì ọkọ̀, bí kò tilẹ̀ sí ihò kankan nísàlẹ̀. Ká sọ pé ọkọ̀ kan gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní mítà 3. Bí òjò tó tó mílímítà 100 bá rọ̀, irú èyí tí àwa ará Èkó mọ̀ dáadáa nínú oṣù Kẹfà, lítà 3,000 ló dà sórí ọkọ̀ náà, ìwọ̀n tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Ó yẹ kí omi yẹn gba ojú ihò tó wà lórí ọkọ̀ ṣàn padà sínú ọ̀sà. Ṣùgbọ́n tí ewé, iyanrìn àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà bá ti dí ojú ihò náà, inú ọkọ̀ ló ń ṣàn lọ. Ìwúwo rẹ̀ á tẹ ọkọ̀ wálẹ̀, àwọn ihò tó ti wà lókè omi tẹ́lẹ̀, bí ọ̀nà èéfín àti ọ̀nà omi ìwẹ̀, á wá bọ́ sábẹ́ omi. Láti ibẹ̀ lọ, rírì náà kì í falẹ̀ mọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń ṣọ́ ọkọ̀ kì í sábà mọ̀. Omi tó bá ti wọ inú ọkọ̀ kì í dúró sójú kan. Bí ọkọ̀ bá fì díẹ̀ sí ọ̀tún, gbogbo omi inú rẹ̀ á wọ́ lọ sí ọ̀tún, á sì mú kí ó fì sí i. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tó ń rì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti òru mọ́jú fi máa ń dojú dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó padà wọlé lọ mú fóònù, bàtà tàbí owó ni omi máa ń ká mọ́ inú rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí i pé ọkọ̀ fì tí kò sì padà bọ̀ sípò, ẹ jáde. Ẹ̀mí ju ẹrù lọ.

Okùn fúnra rẹ̀ tún lè rì ọkọ̀. Omi ń kún, omi ń fà ní èbúté Èkó lójoojúmọ́, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì lè tó nǹkan bíi mítà kan. Ẹni tó so ọkọ̀ mọ́ òpó pẹ̀lú okùn kúkúrú tó le pinpin nígbà tí omi fà, ó ti fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà kọ́ ìsàlẹ̀. Bí omi bá ti ń kún, ọkọ̀ fẹ́ gòkè, okùn kò jẹ́ kó gòkè, ẹ̀gbẹ́ kan á tẹ̀ sómi. Etí ọkọ̀ lè há sábẹ́ pákó èbúté bákan náà. Okùn gígùn tó rìn jìnnà níwájú àti lẹ́yìn ló dára, kì í ṣe èyí tí wọ́n fún mọ́ ẹ̀gbẹ́.

Ní ti pọ́ǹpù, mo bẹ ẹ̀yin tó ń rà á fún ọ̀gá yín, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ tàn yín. Wọ́n wọn nọ́ńbà yẹn nígbà tí pọ́ǹpù kò ní láti gbé omi gòkè rárá. Nínú ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ ti omi gòkè gba inú họ́ọ̀sì tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ohun tó ń tú jáde sì dín púpọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ. Bátìrì ló tún ń gbé e ṣiṣẹ́. Bátìrì tuntun tí agbára rẹ̀ jẹ́ 100 ampere-hour, tí pọ́ǹpù sì ń fa ampere 5, kò lè kọjá wákàtí 20. Èyí tó ti gbó lè má dé ìdajì rẹ̀. Nítorí náà, pọ́ǹpù tó ń ṣiṣẹ́ léraléra lórí ọkọ̀ tó dúró kì í ṣe ohun ìdùnnú. Ó ń sọ fún yín pé omi ń wọlé láti ibì kan. Ẹ wá ibẹ̀ kàn kí bátìrì tó kú.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ọ̀dẹ orí ọkọ̀ máa ṣe kò ná wọn lówó. Kí wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí ara ọkọ̀, níwájú àti lẹ́yìn, níbi tí omi dé nígbà tí inú ọkọ̀ gbẹ. Láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí wọ́n wo ìlà náà. Bí omi bá ti bo ìlà, ohun kan ti wúwo nínú ọkọ̀, kí wọ́n ṣí pákó ilẹ̀ wò ó. Kí wọ́n ti gbogbo fáfù tí wọn kò lò ní òru. Kí wọ́n ní igi rírọ̀ tí wọ́n gbẹ́ ṣóńṣó, tó bá ìwọ̀n ihò kọ̀ọ̀kan mu, kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò náà pẹ̀lú okùn tín-ín-rín. Lóru tí họ́ọ̀sì bá yọ, kò ní sí àyè láti máa wá èkísà kiri.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ oorun. Ní kùtùkùtù ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, Jascon-4, ọkọ̀ tí ń fa ọkọ̀ mìíràn, dojú dé ní nǹkan bíi kìlómítà 30 sí etíkun Escravos ní Ìpínlẹ̀ Delta. Kì í ṣe pé ó ń rin ìrìn àjò. Iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni láti di ọkọ̀ epo kan mú kó má yẹsẹ̀. Èèyàn 12 ló wà nínú rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló yè: Harrison Okene, ẹni ọdún 29, tó ń dáná fún wọn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló wà nígbà tí ọkọ̀ dorí kodò. Ó lo nǹkan bíi wákàtí 60 nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sínú ọkọ̀ náà, nísàlẹ̀ omi tó jìn tó mítà 30. Òkú ni àwọn òmùwẹ̀ wá kó. Ọwọ́ alààyè ni wọ́n bá pàdé nínú òkùnkùn.

Gbogbo ayé ló ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìyanu yìí títí dòní, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn ni èmi fẹ́ kí ẹ rántí. Nítorí àwọn ajalèlókun, ó jẹ́ àṣà àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà láti ti ilẹ̀kùn yàrá wọn pa mọ́ra láti inú bí wọ́n bá fẹ́ sùn. Nígbà tí ọkọ̀ dojú dé, ilẹ̀kùn tó ń dènà olè ni wọ́n kọ́kọ́ ní láti bá jà nínú òkùnkùn, nígbà tí òkè ti di ìsàlẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù olè wà ní Kirikiri àti ní gbogbo etí omi wa. Síbẹ̀, ẹ má fi àgádágodo ti èèyàn mọ́ inú ọkọ̀ láti ìta, bí àwọn ọ̀gá kan ṣe máa ń ṣe kí ọ̀dẹ má baà sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má fi irin dí gbogbo fèrèsé. Yàrá tí èèyàn ń sùn nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà méjì tí a lè gbà jáde, kí ẹni tó ń sùn níbẹ̀ sì ti fọwọ́ tọ́ ọ̀nà náà wò nígbà tí ojú rẹ̀ wà ní dídì, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀wù ìléfòó náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ìta ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́. Bí omi bá ti kún yàrá, ẹni tó wọ ẹ̀wù ìléfòó nínú ilé, ẹ̀wù náà á gbé e lọ lẹ̀ mọ́ àjà, kò ní lè rì sísàlẹ̀ láti gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ẹ gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ẹ mú un dání jáde, ẹ wá wọ̀ ọ́ lóde.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọkọ̀ ògbólógbòó ti tálákà nìkan ló ń rì níbi tó dúró sí. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ọkọ̀ ìgbafẹ́ olówó ńlá kan tó ń jẹ́ Bayesian, tó gùn ní mítà 56, ti ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ ní Porticello, ní erékùṣù Sicily ní Ítálì. Èèyàn 22 ló sùn sínú rẹ̀. Ìjì kan dé kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ náà sì rì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èèyàn méje kú, títí kan Mike Lynch tó ni owó rẹpẹtẹ àti ọmọbìnrin rẹ̀. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àjọ tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ ojú omi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ nínú àbọ̀ ìwádìí àkọ́kọ́ wọn pé afẹ́fẹ́ tó lé ní kìlómítà 117 láàárín wákàtí kan, tó bá kọlu ọkọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, lè dojú rẹ̀ dé, àti pé kò sí èyí nínú ìwé tí wọ́n fún àwọn tó ń tù ú. Bí ti Bayesian bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí ni ká wá sọ sí ilé orí omi tí wọ́n kọ́ alájà méjì sórí dúrọ́ọ̀mù, tí kò sẹ́ni tó ṣírò bí afẹ́fẹ́ ṣe máa tì í? Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, àti èyí tó ń bọ̀ nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, kì í fún èèyàn láyè púpọ̀ ní Èkó. Ilé ẹ̀kọ́ orí omi tí Kunlé Adéyẹmí kọ́ sí Makoko, tí wọ́n parí ní ọdún 2013 lórí dúrọ́ọ̀mù ṣíṣófo, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, òjò àti ìjì ló wó o lulẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2016. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n ti kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ ṣáájú.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ lọ ṣe ọjọ́ ìbí lórí omi, ẹ ní kí ó béèrè iye èèyàn tí ilé náà lè gbà, kí ó sì ka àwọn tó wà níbẹ̀. Bí gbogbo àlejò bá sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti ya fọ́tò, òun náà tó láti tẹ ilé. Ẹ ní kí ó wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń wọ yàrá kì í rùn tó láti jí ẹni tó ti sùn, òun ló sì ti pa odindi ìdílé lórí ilẹ̀ nínú ìlú yìí. Inú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kéré, ó burú ju ti ilé lọ. Afẹ́fẹ́ pẹtiróòlù sì wúwo ju afẹ́fẹ́ tí a ń mí, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń wọ́ lọ, iná kékeré kan ló sì ń dúró dè.

Àwa ará Ìsọlọ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá láti òkèèrè kọ́ wa pé ojú omi ń tan ni. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, nígbà tí ilé ìpamọ́ bọ́ǹbù ní bárékè Ìkẹjà bú gbàmù, àwọn èèyàn sá lóru, wọ́n sì kó sínú kánáàlì Òkè-Afá. Koríko ojú omi ló bo ojú rẹ̀ tó fi jọ ilẹ̀ nínú òkùnkùn. Àwọn tó kú ní Èkó lọ́jọ́ yẹn lé ní ẹgbẹ̀rún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ obìnrin àti ọmọdé tí omi gbé ní kánáàlì náà. Ibi ìrántí wọn ṣì wà ní Òkè-Afá. Mo mẹ́nu kàn án nítorí pé koríko kan náà ló máa ń yí ọkọ̀ tó dúró ká ní àsìkò òjò, láti Badagry wọ ọ̀sà Èkó. Ẹni tó bá fò láti orí ọkọ̀ tó ń rì sórí koríko yẹn, ilẹ̀ kò sí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ tún máa ń di ẹsẹ̀ òmùwẹ̀. Etí omi tó hàn gbangba ni kí ẹ kọrí sí, bí ó tilẹ̀ jìnnà díẹ̀ sí i.

Bí ọkọ̀ bá wá ń rì ńkọ́? Ẹ ka èèyàn ná. Ẹ pe 767 tàbí 112 tí ìjọba Èkó fi sílẹ̀ fún pàjáwìrì, ẹ sọ orúkọ èbúté tó sún mọ́ yín. Ẹ yọ bátìrì, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, bí wáyà bá sì wà láti orí ilẹ̀ wọ ọkọ̀, ẹ pa iná rẹ̀ láti orí ilẹ̀, nítorí iná ń pa èèyàn nínú omi tó yí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ká. Bí àyè bá ṣì wà, tí ọkọ̀ mìíràn sì wà nítòsí, ẹ ní kí wọ́n fà á gun ibi tí omi kò jìn. Ọkọ̀ tó jókòó sórí ẹrẹ̀ pẹ̀lú omi tó dé àyà rẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni. Èyí tó rì síbi tó jìn, owó yíyọ rẹ̀ lè ju owó ọkọ̀ náà lọ.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù lọ ni ohun tó ń tẹ̀ lé e. Bí omi bá ti dákẹ́, ọ̀gá á fẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ padà. Á lọ wá àwọn géńdé tó ń wa iyanrìn nísàlẹ̀ ọ̀sà, ó mọ̀ pé wọ́n lè pẹ́ lábẹ́ omi. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ìsàlẹ̀ ọ̀sà tó tẹ́jú kì í ṣe inú ọkọ̀ tó rì. Nínú ọkọ̀, okùn ń léfòó, mátírẹ́ẹ̀sì ń dí ọ̀nà, ilẹ̀kùn ń padé lẹ́yìn ẹni, ẹrẹ̀ sì ń rú tí ọwọ́ kò fi hàn sí ojú. Àwọn kan á tún gbé ẹ̀rọ tí fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà wá, wọ́n á fi họ́ọ̀sì rẹ̀ sí ẹnu òmùwẹ̀. Èéfín ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ náà àti òórùn epo rẹ̀ ló ń fẹ́ sí i nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó bá sì mí afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ nínú ibú kò gbọ́dọ̀ kàn gòkè wá lẹ́ẹ̀kan. Okene fúnra rẹ̀, lẹ́yìn gbogbo wákàtí tó lò nísàlẹ̀, inú yàrá irin ni wọ́n gbé e sí fún ju ọjọ́ méjì lọ, kí afẹ́fẹ́ tó ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè jáde díẹ̀díẹ̀. Ta ló ní irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní etí omi Kirikiri lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí ọmọ yín wọ omi fún owó ojú ẹsẹ̀?

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí gan-an ń kú nídìí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń múra láti gbé Bayesian, ẹni ọdún 39 kan láti Netherlands, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwọ omi, kú ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró, wọ́n yí ọ̀nà padà, wọ́n lo ẹ̀rọ dípò èèyàn níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Nínú oṣù Kẹfà ni wọ́n tó gbé ọkọ̀ náà jáde.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni yíyọ ọkọ̀ rí. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ohun ìdènà yí epo ká, kí díísù má baà ṣàn lọ bá àwọn apẹja. Wọ́n á dí gbogbo ihò àti fèrèsé. Bí etí ọkọ̀ bá sún mọ́ ojú omi, wọ́n á fi pákó kọ́ ògiri yí ẹnu rẹ̀ ká títí yóò fi yọ sókè omi, wọ́n á wá fa omi inú rẹ̀ jáde, ọkọ̀ á sì dìde fúnra rẹ̀. Bí ó bá jìn, wọ́n á so àpò afẹ́fẹ́ mọ́ ọn lára; àpò tó gba kúbíìkì mítà kan afẹ́fẹ́ lè gbé tọ́ọ̀nù kan. Tàbí kí wọ́n gba bẹ́líìtì fífẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí kírénì orí omi gbé e.

Níbi kírénì yìí ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀. Ọkọ̀ irin tó wọn tọ́ọ̀nù 10 kò ní ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án lọ nígbà tó bá wà lábẹ́ omi, nítorí omi ń bá a gbé e. Bí ó bá ti ń yọ sókè, tí omi tọ́ọ̀nù 15 ṣì wà nínú rẹ̀, tọ́ọ̀nù 25 ló rọ̀ mọ́ okùn kírénì lójijì. Ibẹ̀ ni bẹ́líìtì ti ń já, ibẹ̀ ni kírénì ti ń ṣubú sómi. Etí rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú yọ, kí wọ́n dúró, kí pọ́ǹpù fa omi, kí wọ́n tó tún gbé e. Ẹ̀yin tó dúró wòran, ẹ kúrò nítòsí okùn tó le. Bí ó bá já, kò ní dúró kí ẹ bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọkọ̀ tó rì ti di ti ẹni tó bá rí i. Lábẹ́ òfin Merchant Shipping Act ti ọdún 2007, ẹni tó bá rí ọkọ̀ tó rì tàbí ẹrù inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó aláṣẹ létí. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ NIMASA ló ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó rì, àjọ NIWA ló ń bójú tó ọ̀nà omi inú ilẹ̀. Nàìjíríà sì wà nínú àdéhùn Nairobi ti ọdún 2007 lórí yíyọ ọkọ̀ tó rì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2015, èyí tó di ẹrù lé ẹni tó ni ọkọ̀ lórí láti san owó àmì tí wọ́n bá fi sí ibi tó rì sí, kó sì gbé e kúrò. Kí ẹni tó ni ọkọ̀ má kàn fi í sílẹ̀ sísàlẹ̀ omi fún ọkọ̀ èrò láti kọlù lóru. Bí wọ́n kò bá tíì gbé e, ó kéré tán, kí wọ́n so kẹ́ẹ̀gì pupa tó ń léfòó mọ́ ọn, kí iná sì wà lórí rẹ̀ lálẹ́.

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ kí ẹ tó fún agbaṣẹ́ṣe lówó. Àṣà àtijọ́ láàárín àwọn tó ń yọ ọkọ̀ ní gbogbo ayé ni pé bí wọn kò bá rí nǹkan yọ, wọn kì í gbowó. Ẹ kọ ẹni tó máa san owó epo tó bá dà sómi sínú ìwé náà, àti ẹni tó máa tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ tó bá farapa.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní Ìsọlọ̀ àti ẹ̀yin tó ń rà á ní ọjà Ladipo. Ẹ́ńjìnnì tó bá ti omi iyọ̀ jáde, ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ni ìpẹtà rẹ̀ ń yára jù. Ẹ fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ tú epo inú rẹ̀ dànù, ẹ da tuntun sí i, ẹ fi ọwọ́ yí i kí ẹ tó gbìyànjú láti tan án. Bí wọ́n bá gbé òmíràn wá bá yín pé tòkunbọ̀ ni, ẹ fa ọ̀pá epo rẹ̀ yọ. Bí epo náà bá funfun bí ògì, ó ti mu omi. Ẹ wo abẹ́ àwọn ìdérí rẹ̀ bóyá iyọ̀ ti gbẹ síbẹ̀. Wáyà tí omi iyọ̀ bá ti wọ̀ ń jẹra láti inú, ara rẹ̀ á sì máa dán lóde. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó lè gbiná. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ tí wọ́n bá gbé jáde, ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀, kí ẹ tó jẹ́ kí ọ̀dẹ kankan tún tẹ́ ẹní sínú rẹ̀.